Ẹ̀rù Tó Bá Mi Gbé Nídìí Ẹ̀rọ Géèmù

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ àdúgbò kì í yé bi mí, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹ̀rọ géèmù ni mo tún ṣe jẹun títí mo fi darúgbó. Wọ́n á ní, "Mọ́mì, nínú tábù, kọ̀ǹsólù àti kọ̀ǹpútà, èwo ló dára jù fún géèmù?" Èyí tó yára jù ni wọ́n fẹ́ gbọ́, èyí tí àwòrán rẹ̀ dán jù. Èmi kì í tètè dáhùn, nítorí ibi tí ọkàn mi máa ń kọ́kọ́ lọ ni ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, níbi tí ooru ń gbà jáde. N óò dáhùn ìbéèrè yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà tí èmi fúnra mi gbà dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́, mi ò ní fi adùn iṣẹ́ yìí tàn yín. Ẹ̀rù ni mo fi ṣe é láti ọjọ́ kìíní, ẹ̀rù náà ni mo sì fi fi í sílẹ̀.

Dópèmú ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Ìkẹjà ni bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́. Ìyá mi jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà, aláṣọ funfun, ẹni tó ń gbàdúrà fún bàbá mi kó tó jáde, tó sì tún ń gbàdúrà nígbà tó bá wọlé. Ọdún tí mo jáde ilé ìwé ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, gbogbo wa nínú ilé a máa wo ojú bàbá mi bí ó bá ti ń ti ìta bọ̀, bóyá ó kan òun náà. Ọjọ́ kan ó dé ní àárọ̀, ó ní wọ́n ti ti géètì pa. Ìyá mi ní ọmọ òun kò ní ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn lè ti géètì mọ́. Bí ó ṣe mú mi lọ bá Ọ̀gá Múdàṣírù nìyẹn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Agége. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n gbà, mo bẹ̀rẹ̀.

Oṣù mẹ́fà gbáko ni mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí wọ́n bá ti tú. Mò ń nu eruku, mò ń to ìdè kéékèèké tí wọ́n fi ń de ẹ̀rọ, mò ń wò. Ẹ̀yin ò mọ tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn, gíláàsì ńlá ló ní bí ikùn aboyún lẹ́yìn. Ọ̀gá sọ fún mi pé iná máa ń sùn sínú ikùn gíláàsì yẹn, bí a tilẹ̀ ti yọ okùn rẹ̀ lára ògiri láti àná. Nítorí náà, tí mo bá fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún kan ẹ̀rọ, mo gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ òsì bọ inú ìró mi lẹ́yìn. Ó ní bí ọwọ́ méjèèjì bá kan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, iná á gba ọwọ́ kan wọlé, á gba ọwọ́ kejì jáde, ọkàn ló sì wà láàrin ọ̀nà. Òun àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú òun báyìí ni àbúrò náà ṣe fi ọwọ́ méjì di ẹ̀rọ mú. Ọ̀gá ní ó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni, àti pé nígbà tí àwọn fi gbé e kúrò, ẹ̀rín yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ ó rò pé ẹni tó gbọ́ irú ìtàn yẹn kò ní gbàgbé. Mo gbàgbé. Oníbàárà kan dúró tì wá, ó ń kánjú, èmi náà wá ń kánjú. Ẹ̀rọ náà fẹ́ yẹ̀ lórí tábìlì, mo fa ọwọ́ òsì yọ láti gbá a mú. Ohun tí mo mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo wà nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, tí eyín mi ń kọ lu ara wọn. Mo rò pé Ọ̀gá á ṣàánú mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, òun gan-an ló ń gbọ̀n. Ó jókòó.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ́wùmí, máa lọ sílé. Ọjọ́ tí ẹ̀rù bá bà ọ́ tó, kí o padà wá."

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi wà nílé. Ìyá mi tan àbẹ́là, ó sì wọ́n omi àdúrà sí mi lọ́wọ́. Tí mo bá ti di ojú, mò ń rí ọmọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí, tó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo padà, Ọ̀gá kò béèrè àlàáfíà mi.

"Ṣé ó ti ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí, Ọ̀gá."

"Ó dáa. Mú súkúdíráfà."

Wọ́n máa ń sọ pé ìṣọ́ra loògùn ẹ̀mí. Ọ̀gá mi kò ní oògùn mìíràn. Ojú rẹ̀ di bàìbàì nígbẹ̀yìn, ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, orí ibùsùn rẹ̀ ló sì kú sí láàrin àwọn ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ wa, mo ka ìyẹn sí ìṣẹ́gun.

Kí Ọ̀gá tó lọ ni ẹ̀rọ géèmù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn èèyàn. Kọ̀ǹsólù àkọ́kọ́ tí mo tú, káséètì ni wọ́n ń kì bọ inú rẹ̀, wọn a sì so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n ẹnì kan ló máa ń fi í ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Iná kékeré ló ń jẹ lọ́hùn-ún, tiwa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ọmọ á kì í bọ ara ògiri tayọ̀tayọ̀, èéfín á yọ, wọ́n á gbé e wá bá wa tẹkúntẹkún. Lẹ́yìn káséètì, díìsìkì dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ̀ǹpútà kún Ìkẹjà, àwọn ọ̀dọ́ sì ń to èyí tiwọn fúnra wọn jọ nítorí géèmù.

Irinṣẹ́ ń yí padà bí ẹ̀rọ ti ń yí. Irin tí mo kọ́kọ́ fi yọ́ òjé tí a fi ń lẹ wáyà mọ́ra, orí ẹ̀yín iná la ti ń mú un gbóná. Lẹ́yìn náà, èyí tó ń lo iná mànàmáná dé, ìyẹn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bírò. Nígbà tó yá, a ò tilẹ̀ fi irin kan òjé mọ́, atẹ́gùn gbígbóná la ń fẹ́ sí i. Ohun tí a ń tún ṣe wá kéré débi pé mo ní láti ra gíláàsì tó ń sọ èèrà di màlúù. Gbogbo ìgbà tí irinṣẹ́ tuntun bá dé, àyà mi máa ń já, mo máa ń rò pé èyí ni yóò lé mi kúrò nídìí iṣẹ́. Mo kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àyà jíjá yẹn náà. Mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ọgbà nígbà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Alhaja Rìsíkátù tó ń ránṣọ.

Tábù, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ bíi fóònù ńlá, ló wá dé kẹ́yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tú u, mo wá ibi tí mo ti máa yọ iná rẹ̀, bí Ọ̀gá ti kọ́ mi. Kò sí okùn kan tí mo lè fà. Bátìrì pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀ láti etí dé etí, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, iná ẹ̀rọ náà sì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Mo rọra pa á dé.

Ẹni tó jẹ́ kí n wo tábù, kọ̀ǹsólù àti kọ̀ǹpútà papọ̀ ni Káyọ̀dé. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ṣí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣe géèmù lẹ́yìn ilé ìwé, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí ọjà Ọgbà. Ọmọlúàbí ni, ó sì fẹ́ràn ọmọdé. Kọ̀ǹsólù mẹ́rin ló ní, ó wá fẹ́ kó wọn kúrò, kí ó fi tábù mẹ́wàá rọ́pò wọn. Ó ní tábù kò nílò tẹlifíṣọ̀n, kì í gba àyè, bí wọ́n bá sì mú iná lọ, àwọn ọmọ á ṣáà máa ṣeré wọn lọ. Ó gbé ọ̀kan wá, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá ó tó.

Mo to tábù rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹsólù kan àti kọ̀ǹpútà kan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi sórí tábìlì. Géèmù bọ́ọ̀lù kan náà ni a ṣí sórí wọn, èmi àti Káyọ̀dé ń gbá a. Fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tábù yẹn yà mí lẹ́nu. Àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara, bọ́ọ̀lù sì ń jẹ́ ìpè ìka. Káyọ̀dé ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa tó ààbọ̀ wákàtí, àwọn agbábọ́ọ̀lù orí tábù bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń sáré nínú ẹrẹ̀. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbóná bí ìdérí ìkòkò. Fáànù kọ̀ǹsólù ń pariwo, ó ń fẹ́ ooru síta, eré tirẹ̀ kò dín kù. Kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ mira, fáànù inú rẹ̀ tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún un nìyí. Kọ̀ǹpútà dà bí ilé ńlá tó ní fèrèsé káàkiri, ooru ibi gbogbo ń rí ọ̀nà jáde, apá tó bá sì bàjẹ́, o lè yọ ọ́ kí o fi òmíràn sí i. Kọ̀ǹsólù dà bíi yàrá kan tó ní fèrèsé kan, tí eruku ò bá ti dí i, kò séwu. Tábù kò ní fèrèsé. Awọ ara rẹ̀ ló fi ń mí, bátìrì sì wà lẹ́yìn awọ yẹn gan-an. Tí ara rẹ̀ bá gbóná, òun fúnra rẹ̀ á dín iṣẹ́ kù kó má baà jóná. Àwọn oníbàárà máa ń pe ìyẹn ní ọ̀lẹ. Lójú tèmi, ńṣe ló ń bẹ̀bẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí, eré ìgbà díẹ̀ ni tábù wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó ti géèmù pẹ́, kó lo kọ̀ǹsólù, tí agbára rẹ̀ bá sì ká a, kó lo kọ̀ǹpútà.

Káyọ̀dé tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọ tó ń tún fóònù ṣe nínú Ìkẹjà ti sọ fún òun pé gbogbo nǹkan tuntun ló ń ba àwọn àgbà lẹ́rù. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Mọ́mì, á ṣiṣẹ́, àbí kò ní ṣiṣẹ́?"

Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà yẹn. Ohun tó yẹ kí n sọ wà lẹ́nu mi: má jẹ́ kí àwọn tábù náà máa gba iná sára bí ọmọ bá ń lò wọ́n, má fi rọ́bà wé wọn, bátìrì yẹn lè pa èèyàn. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé tí mo bá sọ ọ́, màá di arúgbó lójú rẹ̀.

Mo ní, "Á ṣiṣẹ́. Kí wọ́n ṣáà máa sinmi díẹ̀díẹ̀."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dúpẹ́, ó lọ ra mẹ́sàn-án kún un. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀, mo gòkè láti kí i. Ọmọ mẹ́wàá ló jókòó lórí ẹní, tábù kọ̀ọ̀kan wà nínú rọ́bà tó nípọn nítorí kó má baà fọ́, okùn ṣájà sì wà lẹ́nu gbogbo tábù náà. Àtẹ̀gùn tóóró kan ṣoṣo ni ọ̀nà àbájáde, irin sì ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo kí i, mo sọ̀kalẹ̀, mo sì lọ sílé. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sọ́jà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Káyọ̀dé gbé ọ̀kan nínú wọn wá. Ojú tábù náà ti ṣí kúrò lára rẹ̀ bí ẹnu tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Bátìrì ti wú nínú rẹ̀. Ó ní kí n bá òun pààrọ̀ bátìrì náà kí àwọn ọmọ tó jáde nílé ìwé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bátìrì tó bá ti wú, ìta ni wọ́n ń gbé e lọ, a kì í tẹ̀ ẹ́, a kì í gún un. Mo mọ̀ ọ́n. Ike pẹlẹbẹ tí mo fi ń ya gọ́ọ̀mù kán mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nítòsí. Ẹ̀rù pè mí lórúkọ, mi ò dá a lóhùn, mo mú ọ̀bẹ náà.

Mo gbọ́ tí bátìrì náà dún ṣíìì, bí ẹni ṣí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Òórùn kan tó dùn mọ́ni nímú jáde, èéfín funfun tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni iná tú síta bíi pé wọ́n fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu. Ìgò sípírítì tí mo fi ń fọ inú ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Mi ò ronú. Ọwọ́ òsì ló sún mọ́ ọn, òun ni mo fi gbá tábù náà kúrò lórí tábìlì, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ díẹ̀ kó tó já bọ́ sílẹ̀. Alhaja Rìsíkátù gbọ́ igbe mi. Yanrìn àwọn tó ń kọ́lé wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, iborùn rẹ̀ ló fi kó o, ó ń dà á lé iná náà lórí, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run wúyẹ́wúyẹ́.

Wọ́n di ọwọ́ mi ní ilé ìwòsàn. Mo wo aago ara ògiri wọn, ó ku díẹ̀ kí ilé ìwé jáde. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí tábù mẹ́sàn-án tó kù. Mo sọ fún Alhaja pé kó má gbé mi lọ sílé. A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ Káyọ̀dé.

Àwọn ọmọ ti jókòó nígbà tí a dé. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, tábù mẹ́sàn-án. Káyọ̀dé wo ọwọ́ mi, ó káàánú mi, ó ní kí n jókòó. Nígbà tí mo ní kó gba gbogbo tábù lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ojú rẹ̀ yí padà. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra sọ fún mi pé ọ̀kan ló bàjẹ́, kì í ṣe gbogbo wọn, àti pé èmi fúnra mi ni mo wò ó tí mo ní ó dáa.

Bí ojú bá ń ṣe ìpin, ojú la fi í hàn. Mo ní, "Káyọ̀dé, mo mọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀, mi ò sọ fún ọ, kí o má baà pè mí ní arúgbó tó ń bẹ̀rù. Wò mí dáadáa. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn ṣájà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń gba tábù, èmi ń fi ọwọ́ tó kù mi kan ẹ̀yìn wọn. Ẹ̀kẹrin ti wú. Rọ́bà náà ló bò ó tí ẹnikẹ́ni kò fi rí i. Alhaja ń darí àwọn ọmọ tí a ti gba tọwọ́ wọn sí ìsàlẹ̀.

Ó wá ku ọmọbìnrin kan ní kọ̀rọ̀, tó di ṣùkú, tó gbé tábù lé orí itan. Mo ń rí etí ojú tábù náà tó ti ń ṣí kúrò lára rọ́bà. Káyọ̀dé na ọwọ́ sí i, ọmọ náà fà á mọ́ àyà. Mo di apá Káyọ̀dé mú. Tí a bá já a gbà, tí ó bá tẹ̀, mo ti mọ ohun tó ń bẹ nínú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà.

Mo ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí n rí ibi tí o bá a dé."

Ó ní, "Màmá, pẹ́nárítì ni. Ẹ jẹ́ kí n gbá a."

Mo ní kó gbá a. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, mi ò mọ àkókò tó gùn tó o. Ó gbé ahọ́n síta, ó fara balẹ̀ yan igun. Mò ń gbọ́ mímí ara mi. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù wọlé, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. Mo gbé tábù náà kúrò lórí itan rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

A bo méjì tó wú náà mọ́ inú korobá yanrìn ní gbangba, a sì jìnnà sí i. A dúró nínú oòrùn, èmi, Alhaja àti Káyọ̀dé, a ń wo korobá. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Èéfín kan kò yọ. Títí dòní, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi bóyá wọn ìbá jó tàbí wọn kò ní jó. Káyọ̀dé kò bá mi jà, kò sì dúpẹ́. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, mo gbọ́ pé ó ti kó àwọn kọ̀ǹsólù padà síbẹ̀, ó sì ti gé ilẹ̀kùn kejì sí yàrá náà. Ìka mi méjì kò ká mọ́, mi ò sì ṣí ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ yẹn. Ẹ kọ́ iṣẹ́ tó bá wù yín. Ìgbà tí ẹ̀rù bá bà yín nídìí rẹ̀, ẹ wí i síta, ẹ má wo ti ojú tí wọn ó fi wò yín.

Àwọn ọmọ náà dúró lódìkejì títì lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń fi mí han ara wọn, ìyá tó gba géèmù lọ́wọ́ wọn. Mi ò kúrò níbẹ̀ títí àwọn ìyá wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Mò ń kà wọ́n bí wọ́n ti ń lọ. Ẹ̀kẹsàn-án ni ọmọ tó di ṣùkú. Kò kí mi. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó ń fi ọwọ́ kejì júwe bí òun ṣe gbá bọ́ọ̀lù náà wọlé, wọ́n sì yà sí kọ́nà lọ sílé.